Ẹ̀rọ ní kì í ṣe ọmọ mi ló kọ ọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì kan ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń kàwé gboyè másítáàsì nínú ètò ìlera ará ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i pé ẹ̀rọ ayẹ̀wò ka àròkọ tó fi sílẹ̀, ẹ̀rọ sì ní ìdá 43 nínú 100 rẹ̀, AI (kọ̀ǹpútà tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ bí ènìyàn) ló kọ ọ́. Wọ́n ti pè é síwájú ìgbìmọ̀. Ọmọ yìí ń sunkún lórí fóònù. Ó ní òun ò ní kí AI bá òun kọ nǹkan kan, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lòun fi jókòó ní láíbìrì. Èmi gbà á gbọ́. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ní ẹ̀rọ kì í purọ́, ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n mú. Ilẹ̀ kan la tà kí ó tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ yìí mọ ẹni tó kọ̀wé? Kí ni kí ọmọ yìí sọ níwájú wọn?

* * *

ÈSÌ MI ÀKỌ́KỌ́

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ẹni tó kọ̀wé. Kò sí ní láíbìrì nígbà tí ọmọ yín ń kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn.

Bí mo bá dúró láàárín ọjà tí mo ní "Bí ọmọdé bá ṣubú", kí n tó mí, ẹni mẹ́wàá á ti ní "a wo iwájú". Kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní "Bí ọmọdé bá ṣubú, ó yẹ ká ra bàtà míì fún un", gbogbo wọn á yíjú wò mí. Ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ń wọ̀n nìyẹn. Ó ń ka ọ̀rọ̀ kan, ó ń fọkàn sí èyí tó kàn, ó sì ń wò ó bóyá ohun tó rí yà á lẹ́nu. AI a máa mú ọ̀rọ̀ tí kì í yani lẹ́nu, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ ayẹ̀wò bá ka ìwé kan tí ohunkóhun ò yà á lẹ́nu, tó tún rí i pé àwọn gbólóhùn gùn bákan náà láti òkè délẹ̀, á ní AI ló kọ ọ́. ChatGPT, ọ̀kan lára àwọn AI tó ń kọ̀wé yìí, jáde ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2023, Edward Tian, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Princeton nígbà náà, ti gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò tó ń jẹ́ GPTZero jáde, orí nǹkan méjì tí mo sọ yìí ló sì gbé e kà. Àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀lé e ti fi oríṣiríṣi kún tiwọn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì kúrò lórí pé wọ́n ń fojú bù ú.

Ní 2023 kan náà, wọ́n fi ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ ní 1787, sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Ẹ̀rọ ní AI ló kọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ò le: AI ti ka òfin yẹn láìmọye ìgbà, ó mọ̀ ọ́n bí àwa ṣe mọ òwe ọmọdé àti àgbà yẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó lè ṣe é ní kàyéfì.

Ẹ ò sọ irinṣẹ́ tí wọ́n lò fún àròkọ ọmọ yín. Kí ó béèrè, torí nọ́ńbà yẹn ò túmọ̀ sí nǹkan kan náà níbi gbogbo. Bó bá jẹ́ Turnitin ni, ìyẹn ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan tí àwọn yunifásítì ń lò, 43 ò túmọ̀ sí pé ó dá a lójú ní ìdá 43. Ohun tó ń sọ ni pé nínú gbogbo ohun tí òun kà, ìdá 43 lòun fojú bù pé AI kọ. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ míì, nọ́ńbà lè jẹ́ bó ṣe dá a lójú tó. Mo ti rí ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tí kò mọ èyí tí òun ń kà nínú méjèèjì. Turnitin fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n má ṣe torí nọ́ńbà yẹn nìkan fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́. Kí ọmọ yín tẹ ìlà yẹn jáde, kó mú un dání.

* * *

"Ẹ̀RỌ KÌ Í PURỌ́"

Ẹni mẹ́rin ló ti dáhùn lẹ́yìn mi, mẹ́ta sì wà lẹ́yìn bàbá ọmọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wá sórí òwe kan: bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ìdí wà lóòótọ́. Ìdí náà ni irú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ́ ọmọ.

Ní oṣù keje ọdún 2023 àwọn olùwádìí ní Stanford tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Patterns. Wọ́n kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n fi wọ́n sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò méje. Ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀. Bí a bá pín in dọ́gba láàárín ẹ̀rọ méjèèje, ó lé ní 61 nínú 100 tí wọ́n pè ní iṣẹ́ AI. Àròkọ 89 nínú 91 ni ẹ̀rọ kan, ó kéré tán, fẹ̀sùn kàn. Wọ́n wá mú àròkọ 88 tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ní Amẹ́ríkà kọ, wọ́n fi wọ́n sínú àwọn ẹ̀rọ yẹn kan náà, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ṣì mú níbẹ̀. Ọmọdé tó ń kọ èdè ìyá rẹ̀ bó ṣe wù ú kọjá lọ ní àlàáfíà. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò, tó ń wá èyí tí kò ní já a kulẹ̀, òun ló kó sí pàkúté.

Apá kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí bàbá ọmọ fúnra wọn kà. Àwọn olùwádìí yẹn gbé àròkọ TOEFL wọ̀nyẹn fún ChatGPT, wọ́n ní kó tún ọ̀rọ̀ inú wọn ṣe kó dà bí ti ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀sùn já wálẹ̀ láti 61 sí bíi 12 nínú 100. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ ni wọ́n mú wọn. Ìgbà tí AI wá bá wọn tún un ṣe ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wò tirẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Wọ́n sọ fúnra wọn pé nínú 100 tí AI kọ, 26 péré ló ń mú. Nínú 100 tí ènìyàn kọ, ó ń fẹ̀sùn kan 9. Kí oṣù keje ọdún náà tó parí wọ́n ti pa á, wọ́n ní kò péye tó. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà dé ìdí ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama fún ọdún 22, nítorí náà mo mọ ohun tí mo ń sọ nípa ìdí yẹn. Máàkì 50 ni WAEC fún àròkọ: 10 fún ohun tó wà nínú rẹ̀, 10 fún bí a ṣe tò ó, 20 fún bí a ṣe lo èdè, 10 fún àìṣi sípẹ́lì àti gírámà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sójú pátákó pé kí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rí báyìí, kí kókó kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, kí ẹ fi "Furthermore" so ó pọ̀, kí ẹ fi "In conclusion" dè é. Ọmọ tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ la gbé máàkì fún. Ọmọ tó bá kọ ọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, a fa ìlà pupa sí i. Ní báyìí ẹ̀rọ kan wá jókòó sí Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ìwé tó tò gẹ́lẹ́ báyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ènìyàn. Bàbá, ọmọ yín gbọ́ràn sí olùkọ́ lẹ́nu ni.

* * *

FÚN OLÙKỌ́ TÓ NÍ MO Ń GBÈJÀ OLÈ

Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kọ̀wé pẹ̀lú ìbínú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ 310 lòun ní. Ní sáà tó kọjá, ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan náà. Àwọn kan ò tilẹ̀ pa ọ̀rọ̀ AI rẹ́ lókè ìwé: "Certainly! Here is your essay." Ó ní mélòó lòun fẹ́ kà kí ojú òun tó fọ́, àti pé bí òun ò bá lo ẹ̀rọ, kí lòun fẹ́ lò?

Ọ̀gá, mi ò sọ pé olè ò sí. Ẹni tó fi "Certainly" sílẹ̀ lókè ìwé ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ẹ ò nílò ẹ̀rọ láti mú un. Àwọn tó kù ni ọ̀rọ̀ wà lórí wọn. Turnitin ní nínú 100 tí ènìyàn kọ, òun ò lè ṣi tó ẹyọ kan mú. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹyọ kan ni. Nínú 310 yín, bí gbogbo wọn bá fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, ẹni mẹ́ta nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún wọn níṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò yìí fún ara wọn: iṣẹ́ 75,000 ni wọ́n fi sínú Turnitin ní 2022, bí ẹ̀rọ bá sì ṣi ẹyọ kan mú nínú 100, 750 ni yóò kan. Wọ́n pa apá tó ń yẹ AI wò lọ́dọ̀ wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí nǹkan kan. Kí AI tó dé, expo wà. Ní àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀yìn géètì ni wọ́n ti ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì tà fún ọmọ tó lówó lọ́wọ́, tí wọ́n á fi báíńdà pupa dì í, tí orúkọ ọmọ á wà níwájú rẹ̀. Báwo la ṣe ń mú wọn nígbà náà? A ń pè wọ́n wọlé, a ń ṣí ojú-ewé kan, a ń ní "Kí lo rí níbí? Ta ni o bá sọ̀rọ̀? Kí ló dé tí o fi yọ àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò?" Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà á máa sọ̀rọ̀ títí a ó fi ní ó tó. Ẹni tí kò ṣe é á máa wo òrùlé.

Ẹ ò lè pe ẹni 310, mo gbà. Ẹ pe ogún, kí gbogbo kíláàsì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé ẹnikẹ́ni lè bọ́ sínú ogún yẹn. Ẹ fún wọn níṣẹ́ tó ní ibi tí wọn yóò fẹsẹ̀ dé: kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń ta ẹran lọ́jà ìlú yín, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èyí tó kù di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì mú ìwé tí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ wá. Ẹ gba ìwé àfọwọ́kọ ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ wọn nínú kíláàsì, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Iṣẹ́ ni o, mi ò ní kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta yẹn ní ìyá.

Ẹlòmíì sọ lábẹ́ rẹ̀ pé òun kì í lo ẹ̀rọ ayẹ̀wò, ChatGPT fúnra rẹ̀ lòun máa ń bi pé "Ṣé ìwọ lo kọ èyí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ ìyẹn dúró lónìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 olùkọ́ kan ní Texas A&M University–Commerce ṣe é bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì rẹ̀, ChatGPT sì ń dáhùn pé òun lòun kọ ọ́, ni wọ́n bá dá máàkì àwọn ọmọ tó ti ń múra ìkẹ́kọ̀ọ́jáde dúró. ChatGPT ò ní ibi tó ń kó àwọn ohun tó kọ fún gbogbo ayé sí tí yóò lọ wò. Ó kàn ń wá ọ̀rọ̀ tó bá ìbéèrè yín mu ni.

* * *

"DELVE", ÀTI ÌYÁ ALÁKÀRÀ

Àbúrò kan tó ń kọ̀wé tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oníbàárà òun dá iṣẹ́ padà fún òun lẹ́ẹ̀mẹta torí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "delve" (kí a walẹ̀ jìn sínú ọ̀rọ̀), wọn ò sì sanwó. Fún ẹni tí kò mọ ìtàn ọ̀rọ̀ yẹn: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fowó ran àwọn ilé iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, kọ ọ́ sórí X pé ẹnì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òun nípa iṣẹ́ kan, òun sì rí "delve" nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, àmì AI nìyẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà dá a lóhùn lọ́pọ̀ yanturu pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ń lò lójoojúmọ́ ni.

Àwọn kan nínú yín wá ń sọ pé àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n háyà láti tọ́ AI ló fi "delve" sí i lẹ́nu. Èmi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kẹ́ńyà tí ìwé ìròyìn TIME kọ nípa wọn ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí owó wọn ò tó dọ́là méjì ní wákàtí kan, iṣẹ́ wọn ni láti máa ka ọ̀rọ̀ ìkà àti ìṣekúṣe, kí wọ́n sàmì sí i kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Ìyẹn kọ́ ni kíkọ́ ẹ̀rọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyà tí wọ́n jẹ ti tó, ẹ má tún di ẹ̀sùn yìí lé wọn lórí.

Pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí i, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Àwọn olùwádìí kan yẹ àkótán iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tó lé ní mílíọ̀nù 15 wò, wọ́n tẹ èsì wọn jáde nínú Science Advances ní 2025: ó kéré tán, 13.5 nínú 100 àkótán tó jáde ní 2024 ni AI ti fọwọ́ kàn. Bí irú ọ̀rọ̀ bíi "delves" ṣe ṣàdédé pọ̀ ni wọ́n fi mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: ọ̀pọ̀ èrò ni wọ́n wò, wọn ò nàka sí ẹnì kan. Bí owó gaàrí bá ṣàdédé fò sókè ní gbogbo ọjà Bódìjà, a mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. A ò lè torí ìyẹn lọ bá obìnrin kan nídìí àpò gaàrí rẹ̀ ká ní "Ìwọ lo kó o pamọ́."

Èmi náà ti nàka bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkìrun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1998. Mo ní kí àwọn ọmọ SS2 kọ àròkọ lórí ìjàm̀bá ọkọ̀ tí wọ́n rí. Ọmọkùnrin kan kọ "the teeming populace", ó kọ "this dastardly act", ó kọ "rushed to an undisclosed hospital". Mo ka á tán, inú bí mi. Mo mọ ilé wọn. Mo mọ̀ pé kò sí ìwé nínú ilé wọn. Mo fi gègé pupa kọ òdo gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ sórí rẹ̀, mo mú un dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ẹ wo ẹni tó ń jí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ kọ.

Ní ọjọ́ kẹta ìyá rẹ̀ wá. Àkàrà ló ń dín ní gáréèjì. Kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tú báàgì ọ̀rá tó gbé dání sórí tábìlì mi. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń fi kílò rà láti wé àkàrà, ó ti gé e sí wẹ́wẹ́, epo sì ti rin òmíràn. Lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀: dastardly, populace, undisclosed. Ó ní, "Tíṣà, kì í jẹ́ kí n wé àkàrà kó tó kà á tán. Àwọn oníbàárà mi ń bínú."

Mo dá máàkì ọmọ náà padà, 38 nínú 50. Mo tún dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, mo ní èmi ni mo ṣì í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí ó fi jáde, gbólóhùn pẹ́pẹ̀pẹ́ ló ń kọ fún mi. "The rain fell. We went home." Kò tún fi ọ̀rọ̀ ńlá kan hàn mí mọ́. Bí mo bá ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo ní "Níbo lo ti rí ọ̀rọ̀ yìí?", ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí.

Àbúrò, ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé o ní o ti fẹ́ máa yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá dùn kúrò nínú iṣẹ́ rẹ kí ẹ̀rọ má baà mú ọ. Má ṣe é. Bá oníbàárà rẹ sọ̀rọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ ayẹ̀wò nìkan ò lè di owó rẹ lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gbà, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́.

* * *

NÍ TI YORÙBÁ Ń KỌ́?

Ẹnì kan béèrè bóyá ẹ̀rọ lè mọ Yorùbá tí AI kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni Turnitin fi bẹ̀rẹ̀, ó ti fi èdè Sípéènì àti ti Japáànù kún un. Yorùbá ò sí níbẹ̀. Etí wa la ní.

Mo ń tún ìwé Yorùbá ṣe fún àwọn ènìyàn báyìí, ó sì ti ń pọ̀ lọ́wọ́ mi. Èyí tó dé ní oṣù tó kọjá ní "àgbẹ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé èjìká, ó lọ sóko". Ẹni tó sọ Yorùbá dàgbà lè gbàgbé àmì, ṣùgbọ́n kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì mọ́tò sórí ohun tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, kó wá péye lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù. Àwọn gbólóhùn kan tún wà tí mo bá ti rí mẹ́ta nínú ojú-ewé kan mo máa ń fura: "Ó ṣe pàtàkì láti ṣe àkíyèsí pé", "kì í ṣe èyí nìkan, ṣùgbọ́n", "nínú ayé òde òní tó ń yí padà".

Fífura ni mo ní o. Àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìkánjú ti ń kọ báyẹn tipẹ́ kí AI tó dé. Nítorí náà mo máa ń pe ẹni náà lórí fóònù, màá ní kó ka ìpínrọ̀ kejì sí mi létí, kó wá sọ ọ́ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nílé ní Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì. Ẹni tó kọ ọ́ kì í rò ó kó tó sọ ọ́.

* * *

ÈSÌ KÚKÚRÚ MÉJÌ

Àwọn tó ń polówó áàpù "humanizer", èyí tó ń yí ọ̀rọ̀ padà kí ẹ̀rọ lè rò pé ènìyàn ló kọ ọ́, lábẹ́ ìbéèrè Màmá: ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó o kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí kò jalè lẹ ń sọ fún pé kó lọ fara pamọ́. Láti 2025 ni Turnitin ti ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi irú áàpù bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ọmọ bá fi àròkọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, AI ti wá fọwọ́ kàn án nìyẹn, ẹ̀sùn tó jẹ́ irọ́ tẹ́lẹ̀ ti di òótọ́.

Ẹni tó béèrè bóyá AI lè máa fi àmì ìkọ̀kọ̀ sínú ohun tó bá kọ: ó ṣeé ṣe. Google DeepMind ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní SynthID, wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú Nature ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Bí ẹ̀rọ ṣe ń yan ọ̀rọ̀ ni wọ́n hun àmì náà mọ́. Èmi nífẹ̀ẹ́ sí i ju ẹ̀rọ ayẹ̀wò lọ, torí ó ń wá ohun tí wọ́n fi síbẹ̀, kò fojú bu ìwà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí AI mìíràn kọ ò ní àmì yẹn, bí a bá sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí èdè mìíràn tàbí tí a tún un kọ dáadáa, àmì náà lè parẹ́.

* * *

MÀMÁ TI PADÀ WÁ

Màmá kọ̀wé láàárọ̀ yìí pé Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Wọ́n ní ọmọ jẹ́wọ́ nǹkan kan fún àwọn lálẹ́ àná: ó lo Grammarly láti tún gírámà ṣe, níbi méjì ó sì tẹ ibi tó ní kó tún gbólóhùn náà kọ fún òun. Àwọn kan ti ń sọ lábẹ́ rẹ̀ pé kó má dárúkọ rẹ̀ rárá.

Kó dárúkọ rẹ̀. Kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́, kó sì fi ibi méjèèjì hàn wọ́n. Bó bá fi pamọ́ tí wọ́n rí i, wọn ò ní gba ohunkóhun tó bá tún sọ lẹ́yìn ìyẹn gbọ́. Gbólóhùn méjì kì í ṣe ìdá 43, wọ́n á rí ìyàtọ̀ náà fúnra wọn. Kó lọ ka òfin ilé ẹ̀kọ́ wọn lórí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní, torí àwọn kan gbà á, àwọn kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé òun lò ó.

Àwọn ohun tí yóò mú dání: ẹ ní orí Google Docs ló ti kọ ọ́, ẹ ṣeun, ìyẹn dára púpọ̀. Ó ń tọ́jú bí ìwé náà ṣe ń pọ̀ láti wákàtí dé wákàtí. Ìwé àfọwọ́kọ tó fi gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní láíbìrì ńkọ́? Kó kó gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó rí wúruwùru. Kó tún béèrè fún gbogbo ìròyìn ẹ̀rọ náà, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan, kó rí àwọn ìlà tí wọ́n kùn. Kó sọ fún wọn pé òun fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè nípa iṣẹ́ náà lójúkojú. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ní ọ́fíìsì ìmọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì lè bá a jókòó níbẹ̀. Kó lọ bá wọn lọ́la, kó má dúró di Ọjọ́bọ̀.

Bí wọ́n bá sọ fún un pé kó gbà pé òun ṣe é kí ọ̀rọ̀ lè tètè tán, kó má gbà. Kó ka ọjọ́ tí wọ́n fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó má jẹ́ kó kọjá, torí bí wọ́n bá yọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á fa ìgbọ̀wọ́ físà rẹ̀ yọ, ìjọba ibẹ̀ sì sábà máa ń gé físà náà kù sí 60 ọjọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá parí gbogbo tiwọn tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó gba lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Completion of Procedures. Láti ọjọ́ lẹ́tà yẹn, oṣù 12 ló ní láti gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ OIA, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Màmá, ẹ ní kó tẹ ìtàn inú Google Docs yẹn jáde sórí bébà, láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ kẹsàn-án. Kó fi bírò fa ìlà sábẹ́ àwọn ibi tó ti kọ gbólóhùn kan tó pa á rẹ́, tó tún un kọ. Kó yà á ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní, bó ti wù kó pẹ́ tó. Màá kà á kí n tó sùn.